Ọmọ Àgbowó Lẹ́nu Ọ̀nà Afaka

 

Òfin tí wọ́n fi ń gba ọmọ wọlé sí Nigerian Defence Academy ní Afaka ní Kàdúná, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí NDA, àti bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn kádẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Èmi kì í ṣe sójà. Ìtàn ni iṣẹ́ mi. Nítorí náà mi ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni ní bí a ṣe ń yan bíi ológun. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá sí Bódìjà lónìí: ta ni òfin yìí ń pè ní ọmọ Ìbàdàn?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo òfin náà bó ṣe wà. Ọjọ́ orí ẹni tó fẹ́ wọlé kò gbọdọ̀ dín ní 17, kò sì gbọdọ̀ ju 22 lọ. Kò gbọdọ̀ tíì gbéyàwó, kò sì gbọdọ̀ tíì relé ọkọ. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ ga tó mítà 1.68, obìnrin mítà 1.65. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè nínú WAEC tàbí NECO, kí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú wọn, kó má sì ju ìjókòó méjì lọ. Ọmọ náà yóò ṣe JAMB, yóò fi NDA sí ipò àkọ́kọ́, yóò sì gba máàkì 180 ó kéré tán. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdánwò NDA gan-an, tí wọ́n ń ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè, títí kan Ìbàdàn níbí. Ẹni tó bá yege ni wọ́n ń pè lọ sí Kàdúná síwájú Armed Forces Selection Board. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ ojú, eyín àti ẹ̀jẹ̀ wò, tí wọ́n ń mú ọmọ sáré títí, tí ìgbìmọ̀ sì ń da ìbéèrè bò ó. Ẹ̀yin òbí tó ti rán ọmọ lọ rí mọ ohun tí wọ́n ń rà sínú báàgì: ṣòkòtò péńpé aláwọ̀ búlúù, síńgílẹ́ẹ̀tì funfun, bàtà kánfáàsì. Ẹni tó bá wọlé, ìjọba àpapọ̀ ló ń gbọ́ bùkátà ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní àkókò tí owó ilé ìwé gíga ti ń lé òbí kiri yìí, kò yani lẹ́nu pé èrò pọ̀ níbẹ̀.

Títí débẹ̀, ọ̀rọ̀ ò nira. Àyè kan ló wà nínú fọ́ọ̀mù náà tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ àti bàbá nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó wà ní Àgbowó, lódìkejì yunifásítì. Àyè náà ń béèrè pé: ìpínlẹ̀ wo ni o ti wá?

Ẹ mú ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí sí ilé ìwòsàn ní Ring Road, tó ka alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Bódìjà, tó ṣe girama ní Challenge, tó jẹ́ pé ọdún Iléyá nìkan ló ń gbé e dé Ìwó. Ó kọ Ọ̀yọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Ó lọ sí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ láti gba ìwé ẹ̀rí ọmọ bíbí. Wọ́n ní agboolé wo? Ta ni mọ́gàjí yín? Kò ní mọ́gàjí. Lánlọ́ọ̀dù ló ní. Ó di dandan kó lọ gbàwé ní Ìwó, kó sì kọ Ọ̀ṣun. Bàbá rẹ̀ wá sí Ìbàdàn nígbà tí Ìwó àti Ìbàdàn jọ wà nínú ìpínlẹ̀ kan náà. Ní 27 August 1991 ni wọ́n dá Ọ̀ṣun sílẹ̀. Bàbá ò kúrò lójú kan, ìpínlẹ̀ ló yẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ti ará Èkìtì tilẹ̀ tún jùyẹn lọ: ẹni tó dé Bódìjà nígbà Western State ti di ọmọ Ondó ní 1976, ó tún di ọmọ Èkìtì ní 1996, yàrá kan náà ló sì ń sùn.

Kì í ṣe àwọn akọ̀wé Kàdúná ló ṣe òfin yìí lórí ara wọn. Abala 217 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ pé àwọn ọ́físà àti àwọn sójà yòókù gbọ́dọ̀ jẹ́ àpapọ̀ tó fi gbogbo Nàìjíríà hàn. Abala 318 wá sọ ẹni tó jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ kan: ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí òbí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ àdúgbò tó ti ń gbé ìpínlẹ̀ náà látayébáyé. Kò ka ibi tí a gbé bí ọ sí, kò ka ibi tí o ti jẹun, kò sì ka ibi tí bàbá rẹ ti ń san owó orí. Ìwé ẹ̀rí ìwà rere tí ọmọ ń kó lọ pàápàá tẹ̀lé ọ̀nà yìí, torí ẹni tó fọwọ́ sí i, ì báà jẹ́ alága ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ọ̀gágun Lieutenant-Colonel sókè, gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ ọmọ náà. Òbí wá ń rìn kiri bárékè Odogbo ní Ọjọ́ọ̀, ó ń wá ọ̀gágun tó jẹ́ ọmọ Ọ̀ṣun, ẹni tí kò mọ ọmọ náà rí, kó lè jẹ́rìí pé ìwà rẹ̀ dára. Olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n fún ọdún mẹ́fà sì jókòó ní Challenge. Ìpínlẹ̀ mìíràn ni olùkọ́ náà ti wá, ẹ̀rí rẹ̀ ò wúlò.

Àṣìmọ̀ kan wà tí mo fẹ́ mú kúrò nílẹ̀ kí n tó lọ jìnnà. Mo ń gbọ́ ọ láti Dùgbẹ̀ títí dé Mọ́kọ́lá pé àwọn ọmọ Àríwá ló ń gba àyè ọmọ wa. Irọ́ ni. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìpín tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní kótà, ọmọ Kánò àti ọmọ Ìbàdàn kì í pàdé lórí àyè kan náà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ṣakí àti ọmọ Ìṣẹ́yìn ni ọmọ Ìbàdàn ń bá du ú. Ìjọba ìbílẹ̀ 33 ló wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, 11 péré nínú wọn ló jẹ́ ti Ìbàdàn.

Ṣé kí wọ́n wá pa kótà rẹ́? Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ìlú yìí ń sọ bẹ́ẹ̀, pé kí wọ́n mú ẹni tó gba máàkì jù. Èmi ò fara mọ́ ọn, ohun tó sì fà á ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn yìí gan-an.

Láyé àwọn Òyìnbó, kò sí ilé ìwé ọ́físà ní Nàìjíríà. Teshie lẹ́bàá Accra ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ lọ fún oṣù bíi mẹ́fà, kí wọ́n tó yan àwọn tó máa tẹ̀ síwájú ní Aldershot tàbí Sandhurst nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn níbí ní nǹkan bí 1957. Ó ṣe ìdánwò University College, ó yege, kò sì rówó ilé ìwé san. Ní 1958 ó rí ìkéde pé ilé iṣẹ́ ológun ń wá ọmọ tí wọ́n máa kọ́ di ọ́físà, ó fi ìwé ránṣẹ́, ó sì lọ sí Teshie àti Aldershot. Olusegun Obasanjo ni. Ẹ ò rí i pé àìrówó san ní yunifásítì wa ló fún ilé iṣẹ́ ológun ní ọ̀gágun yẹn. (Mo mọ̀ pé àwọn kan níbí á máa rò ó bóyá ó dùn mọ́ àwọn tàbí kò dùn. Ìyẹn ò sí nínú iṣẹ́ tèmi lónìí.)

Àmọ́ irú rẹ̀ kò pọ̀ nínú àwa Yorùbá. Láti January 1955 tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn, lọ́yà, dókítà, akọ̀wé àti olùkọ́ ni bàbá ń fẹ́ kí ọmọ dà. Iṣẹ́ sójà, lójú àwọn àgbà ìgbà náà, iṣẹ́ ọmọ tí ìwé ò yé ni. Nígbà tí ẹni bí Olufemi Olutoye, tó wá di Aláàní Ìdó-Àní lẹ́yìn náà, kàwé yege ní Ìbàdàn tó sì wọ iṣẹ́ ológun, ohun ìyanu ló jẹ́. Ìlà Oòrùn ló ní ọ́físà jù. Àríwá ló ní sójà jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tí Muhammadu Ribadu ń ṣe mínísítà ètò ààbò, ìjọba gbé kótà dé orí ìgbaniwọlé àwọn ọ́físà: ìdajì fún Àríwá, ìdá mẹ́rin kan fún Ìlà Oòrùn, ìdá mẹ́rin kan fún Ìwọ̀ Oòrùn.

Òfin náà pẹ́ kó tó dé. Ní July 1966, àwọn sójà mú Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun nígbà náà, àti Adekunle Fajuyi tó gbà á lálejò ní ilé ìjọba ní Ìbàdàn, wọ́n gbé wọn lọ sí ọ̀nà Ìwó, wọ́n sì pa wọ́n ní Lálúpọn. Nígbà tí àwọn olórí Yorùbá wá ní kí àwọn sójà Àríwá kúrò nílẹ̀ wa, ohun tó ń dí i lọ́wọ́ hàn gbangba: àwọn sójà Yorùbá tó lè rọ́pò wọn kò tó. Àwa fúnra wa la ò fi ọmọ sílẹ̀. Ẹni tó bá rántí ìyẹn kò ní sọ pé kí a fi máàkì nìkan yan àwọn tí yóò máa gbé ìbọn. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí apá kan orílẹ̀-èdè ò sí nínú rẹ̀, àlejò ló jẹ́ ní apá ibẹ̀.

Fajuyi fúnra rẹ̀ yẹ ká dúró tì díẹ̀. Ní 1943 ló wọ iṣẹ́ ológun láti ìsàlẹ̀ pátápátá, 1954 ló tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ di ọ́físà ní Eaton Hall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti pé ẹni ọdún 28. Bí wọ́n bá fi òfin òní wọ̀n ọ́n, wọn ò ní jẹ́ kó wọ ẹnu ọ̀nà NDA. Ó ti dàgbà jù. Lóòótọ́, àwọn ọ̀nà mìíràn wà lónìí fún ẹni tó ti ní dìgírì àti fún sójà tó mọṣẹ́; àmọ́ mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣòfin máa rántí pé orúkọ ẹni tí wọ́n fi sọ bárékè Odogbo jẹ́ ti ẹni tí òfin wọn ì bá lé padà.

Ní 1964 ni NDA gbérasọ, kádẹ́ẹ̀tì 62 ló sì kọ́kọ́ wọlé. Ọ̀gágun ará Íńdíà, Brigadier Varma, ló kọ́kọ́ darí rẹ̀. David Ejoor ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ipò náà, ní 1969. Láti 1985 ni wọ́n ti ń fi dìgírì kún un. Ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ náà báyìí: mẹ́rin fún ìwé pẹ̀lú ìdárayá àti ìyan, ọ̀kan fún iṣẹ́ ogun gan-an. Ní ọdún ìkẹyìn yìí, àwọn ti ojú omi ń lọ sí Onne, àwọn ti òfuurufú sì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tiwọn. Ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú ìwé lè padà sí kíláàsì ìsàlẹ̀, wọ́n sì lè ní kó máa lọ sílé. Ti ìyà tí àwọn àgbà kádẹ́ẹ̀tì fi ń jẹ àwọn tuntun, mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì níwájú yìí ń rẹ́rìn-ín sí i báyìí. Ohun tí a fi ń rẹ́rìn-ín ní ẹni ọgọ́ta ọdún kọ́ ló tọ́ sí ọmọ ọdún 17. Ní 2011 ni wọ́n tó gba obìnrin 20 wọlé gẹ́gẹ́ bí kádẹ́ẹ̀tì tí yóò jagun, ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni wọ́n sì yan jáde. West Point, ilé ìwé ọ́físà ní Amẹ́ríkà, ti gba obìnrin láti 1976.

Ohun tó wù mí jù nínú ilé ẹ̀kọ́ yìí ni ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn tí ọmọ bá ti wọlé. Ìpínlẹ̀ tí wọ́n fi yàn án, wọ́n á pa á tì. Abyssinia, Burma, Dalet, Mogadishu: orúkọ bàtálíọ̀nù tí wọ́n ń pín àwọn kádẹ́ẹ̀tì sí nìyẹn, ojú ogun tí àwọn baba wa ti jà fún Òyìnbó ni gbogbo wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Mọ́kọ́lá kọjá lójoojúmọ́, inú ogun Burma kan náà ni orúkọ bárékè Letmauck ti wá. Ọmọ Ṣakí, ọmọ Sókótó àti ọmọ Calabar á jọ di ará Dalet, wọ́n á jọ sùn, wọ́n á jọ jìyà. Ní àárín wọn, kò sẹ́ni tó ń béèrè mọ́gàjí ẹnikẹ́ni.

Kí ló dé tí a ò lè mú díẹ̀ nínú ọgbọ́n inú ilé yẹn wá sí ẹnu ọ̀nà? Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ń pín àyè West Point káàkiri. Àwọn aṣòfin wọn ló ń fa orúkọ ọ̀dọ́ kalẹ̀, aṣòfin kọ̀ọ̀kan láti ẹkùn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ẹkùn náà ṣe ibùgbé ni òfin wọn ń sọ, kì í ṣe ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ ti ibẹ̀ wá. Ìpín wà, ìdọ́gba wà, a kò sì lé ọmọ kúrò níbi tó dàgbà sí.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí: kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ní ìpín rẹ̀ lọ, àmọ́ kí á fi ibi tí ọmọ ti ka ìwé ṣírò rẹ̀. Èyí yóò gba àtúnṣe sí abala 318, iṣẹ́ àwọn aṣòfin ní Àbújá àti ti àwọn ìpínlẹ̀ sì ni. Ohun kejì kò gba àtúnṣe òfin kankan: kí NDA máa tẹ máàkì ìkẹyìn tí wọ́n fi gba ọmọ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan jáde lọ́dọọdún, kí àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ òbí pé àwọn mọ ènìyàn ní Kàdúná má rí ibi fara pamọ́ sí.

Mo mọ èsì tí yóò dé. Wọn á ní àwọn olówó yóò kó ọmọ wọn lọ sí ìpínlẹ̀ tí èrò ò pọ̀ sí ní oṣù mẹ́ta kí ìdánwò tó dé. Òótọ́ ni, nítorí wọ́n ti ń ṣe é fún WAEC. Gbogbo wa la mọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ abúlé tí ọmọ Bódìjà ti ń lọ jókòó ṣe ìdánwò nítorí pé ẹnìkan á kọ ìdáhùn sójú pátákó fún un. Nítorí náà, ibi tó ti ṣe WAEC nìkan kò tó. Kí wọ́n wo ìwé ẹ̀rí girama kékeré, èyí tó ṣe ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, kí wọ́n sì wo èsì ẹ̀kọ́ rẹ̀ láti kíláàsì kìíní. Ẹni tó fẹ́ fi ọmọ ọdún 11 ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ mìíràn nítorí NDA ọdún mẹ́fà síwájú, kó máa lọ. Ọmọ náà á ti di ará ibẹ̀ kó tó kọ fọ́ọ̀mù.