Àtẹ Ìkẹ́rù fún Katakata Wa: Kí A Rà Á Ni, Tàbí Kí A Rọ Ọ́ Nílé?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé gbogbogbòò ti ọdọọdún

Ẹ rán àwa olùkọ́ níṣẹ́ pé kí á yẹ ọ̀rọ̀ àtẹ ìkẹ́rù wò, kí á sì jábọ̀. Àbọ̀ náà ni a mú wá yìí.

Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó bí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀gẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí a bá ti hú u tán, tí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta sì kọjá kí a tó bó o kí a sì rin ín, inú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí dúdú, owó àgbẹ̀ a sì ṣòfò. Ọ̀nà oko wa kò gba ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn ọlọ́kadà ń gba owó gọbọi lórí àpò kan ṣoṣo. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù, orí àwọn ìyá wa ni ó ń gbé e wọ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni katakata kékeré tí àwọn àgbẹ̀ wa jùmọ̀ ní ń ti oko bọ̀ lójoojúmọ́ lọ́wọ́ òfìfo, nítorí pé kò ní ohun tí yóò fi gbé ẹrù.

Ní ìpàdé tí ó kọjá, ohùn wa pín sí méjì. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà àti ní Ìlú Òyìnbó ní kí a dá owó jọ, kí wọ́n ra àtẹ ìkẹ́rù kan níbẹ̀, kí wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi ránṣẹ́. Àwọn tí ń jó irin nílé dáhùn pé àbùkù ni kí ìlú tí ó ní àgbẹ̀dẹ máa ra irin láti òkè òkun. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ di ìjà díẹ̀, ni Alága bá fi í lé àwa olùkọ́ lọ́wọ́, bóyá nítorí pé a kì í ra irin, a kì í sì í tà á.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Àtẹ ìkẹ́rù, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní carryall, kò ní táyà. Férémù irin ni, tí a tẹ́ pákó lé lórí, tí a sì fi kọ́ ẹ̀yìn katakata ní ojú mẹ́ta: méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè láàárín. Bí awakọ̀ bá fa ọ̀pá kan, agbára òróró inú ẹ̀rọ a gbé apá ìsàlẹ̀ méjèèjì sókè, ẹrù a sì kúrò nílẹ̀.

Ẹni tí ó sọ ìdè alápá mẹ́ta yìí di ohun tí ayé ń lò ni Harry Ferguson, ọmọ ilẹ̀ Ireland, tí a bí ní ọdún 1884. Ṣáájú rẹ̀, ńṣe ni ohun èlò oko sábà máa ń wọ́ tẹ̀lé katakata. Bí ohun ìtúlẹ̀ bá kọ lu kùkùté, iwájú ẹ̀rọ lè dìde, kí ó sì dojú dé awakọ̀ mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1938, Ferguson àti Henry Ford bọ ara wọn lọ́wọ́ lórí àdéhùn, ní ọdún 1939 katakata wọn sì jáde tòun ti ìdè alápá mẹ́ta. Nígbà tí ó di ọdún 1946, Ferguson bẹ̀rẹ̀ sí ṣe tirẹ̀ ní England, iye èyí tí a sì ṣe títí di ọdún 1956 lé ní 500,000.

Ẹ̀kọ́ tí ìtàn náà kọ́ wa ni pé ìwọ̀n ìdè yìí kò jẹ́ àṣírí mọ́. Ó ti di ìwọ̀n kan náà káàkiri ayé, bí kílò àti mítà. Katakata tí ó kéré jù, tí agbára rẹ̀ kò ju ti ẹṣin 20 lọ, sábà máa ń lo píìnì tí ó nípọn tó mìlímítà 16. Tiwa ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Píìnì ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 22, ti òkè sì jẹ́ mìlímítà 19. Àyè tí ó wà láàárín ojú ìsàlẹ̀ méjèèjì tó sẹ̀ǹtímítà 68, ojú òkè sì fi bíi sẹ̀ǹtímítà 46 ga jù wọ́n lọ. Àgbẹ̀dẹ tí ó bá pa ìwọ̀n wọ̀nyí mọ́ lè ṣe ohun tí yóò wọlé geere, ìbáà jẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ó jìnnà sí wa jù lọ ni ó ṣe katakata náà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ó ní kí a rà á. Òótọ́ wà lẹ́nu wọn. Ohun tí ilé-iṣẹ́ dáradára ṣe a máa ní ìwọ̀n tí ó pé, píìnì rẹ̀ a máa le, a sì máa ń sọ iye ẹrù tí ó lè gbé fún olùrà. Irin rẹ̀ a máa fúyẹ́ láìjẹ́ aláìlágbára. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta wà tí wọn kò rò mọ́ ọn. Èkínní, ní Amẹ́ríkà náà, irin nìkan ni wọ́n sábà ń tà. Olùrà ni yóò wá pákó tí yóò tẹ́ lé e. Ẹni tí ó rà á kò tíì bọ́ lọ́wọ́ káfíńtà. Èkejì, láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti tú owó náírà sílẹ̀ sọ́wọ́ ọjà, ohun tí a fi dọ́là rà ti di ẹrù wúwo fún ẹni tí ó ń pawó ní náírà, a kò sì tíì ka owó ọkọ̀ àti ti èbúté mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta, bí ó bá ṣẹ́ sínú oko nígbà ìkórè, alájòórin ilé náà ni a ó sáré lọ bá.

Ẹjọ́ àwọn tí ó ní kí a rọ ọ́ nílé ńkọ́? Òótọ́ wà lẹ́nu tiwọn pẹ̀lú. Alágbẹ̀dẹ tí ó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Wọ́n mọ bí ọ̀nà oko wa ti fẹ̀ tó, wọn yóò sì ṣe àtẹ náà kí ó má baà ju fífẹ̀ táyà ẹ̀yìn lọ. Wọ́n lè gbé ìgànná kékeré sí i kí àpò má baà yọ̀ ṣubú. Owó iṣẹ́ náà yóò sì dúró sínú ìlú, ọmọ iṣẹ́ yóò rí i kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn náà ní ìwà kan tí a gbọ́dọ̀ wí lójú wọn: wọ́n gbà pé irin tí ó bá ti nípọn ni ó dára. Níbí gan-an ni ìṣirò ti dé, ẹ̀yin èèyàn wa, ìṣirò tí ìhà méjèèjì gbàgbé.

Ẹ rántí igi tí àwọn ọmọdé ń gbé dábùú òkúta, tí ọ̀kan jókòó sí ìpẹ̀kun ọ̀tún, tí èkejì jókòó sí òsì. Táyà ẹ̀yìn katakata ni òkúta náà. Ohun tí a bá gbé kọ́ ẹ̀yìn ń gbé iwájú fúyẹ́, bí ó bá sì ti jìnnà sí òkúta tó ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí á mú katakata kan tí ó wọn kílò 900, tí 350 nínú rẹ̀ wà lórí táyà iwájú, tí sẹ̀ǹtímítà 150 sì wà láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Bí a bá kó kílò 300 sí i, tí àárín ẹrù náà fi sẹ̀ǹtímítà 130 jìnnà sí táyà ẹ̀yìn, ẹ sọ 300 di ìlọ́po 130, kí ẹ fi 150 pín in. Kílò 260 ni ó kúrò lórí táyà iwájú. 90 péré ni ó kù. Awakọ̀ yóò máa yí ọwọ́ ọkọ̀, katakata kò ní gbọ́ tirẹ̀.

Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí sọ pé ohun tí ó kù lórí táyà iwájú kò gbọdọ̀ dín sí ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n katakata. Nínú àpẹẹrẹ wa, kílò 180 nìyẹn. Bí a bá fa ẹrù súnmọ́ táyà títí yóò fi ku sẹ̀ǹtímítà 100, tí a sì dín in kù sí kílò 200, 217 ni yóò kù níwájú, ara á sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé irin àti pákó àtẹ náà wà nínú 200 yẹn. Bí àtẹ náà bá wọn kílò 80, àyè àpò sìmẹ́ńtì méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 50, ni ó kù fún wa. Bí alájòórin bá fi irin nínípọn kà á sí iyì, tí àtẹ náà sì wọn 140, àpò kan péré ni. Irin yóò máa ru irin, ẹ̀gẹ́ yóò sì wà lóko.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Bí a bá so irin tí ó wọn kílò 100 mọ́ iwájú katakata náà, àtẹ tí ó wọn 80 lè gbé àpò márùn-ún, bí agbára ìgbẹ́rù tí a kọ sínú ìwé katakata náà bá gbà á. Kílò 250 nìyẹn. Bí ìyá kan bá ń ru kílò 25, ẹrù orí ìyá mẹ́wàá ni, ní ìrìn kan ṣoṣo. Ẹ wò ó bí ìṣirò kékeré ti ga ju àríyànjiyàn ńlá lọ.

Nítorí náà, àbọ̀ wa rèé. A dá a lábàá pé kí a rọ àtẹ náà nílé, ṣùgbọ́n kí a ra ohun tí kò yẹ kí a máa fojú dá. Píìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú ìdábùú wọn ni kí àwọn ọmọ wa lẹ́yìn odi rà. Wọn kò ju ohun tí ó lè wọ inú àpótí arìnrìn-àjò lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé ọ̀pá irin ìkọ́lé ṣe píìnì, nítorí pé lórí píìnì ni gbogbo ẹrù dúró lé. Kí wọ́n sì bá wa wá ìwé katakata náà, kí a lè mọ ìwọ̀n rẹ̀ àti agbára rẹ̀ gan-an, dípò àpẹẹrẹ tí a fi kọ́ra lónìí.

Nílé, kí a gbé katakata lọ sí ojú iṣẹ́, kí a wọ̀n ọ́n níbẹ̀. Kí férémù súnmọ́ táyà bí ó ti lè ṣe é ṣe, láìjẹ́ pé ó kan táyà nígbà tí ó bá gòkè. Kí a lo pákó ìrókò tí ikán kì í tètè jẹ, kí a sì fi bóòtù dè é kí a lè pààrọ̀ èyí tí ó bá bàjẹ́. Kí a gbé àtẹ náà sórí ìwọ̀n kí a tó kùn ún. Lẹ́yìn èyí, kí a dán an wò lórí pápá títẹ́jú: lófìfo, pẹ̀lú ìlàjì ẹrù, àti pẹ̀lú ẹrù kíkún, kí a sì yẹ gbogbo ojú ìjórin wò lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlàjì owó ni kí a san ṣáájú; kí ìlàjì kejì dúró de ìdánwò. Bí ó bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jẹ́ kí a rà á, kí ẹnikẹ́ni má sì ka èyí sí ìtìjú.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a kò gbọdọ̀ gbójú fò. Àtẹ ìkẹ́rù kì í ṣe ọkọ̀ èrò. A ń rí bí àwọn ọmọ wa ti ń fò mọ́ ẹ̀yìn ohunkóhun tí ó bá ń lọ sóko. Lórí òkè, iwájú katakata a tún máa fúyẹ́ sí i, ẹni tí ó bá jókòó lẹ́yìn a sì di ẹrù tí kò sí nínú ìṣirò. Bí ó bá ṣubú, kò sí ẹ̀gẹ́ tí a lè fi rà á padà. Kí a kọ èyí sára pákó rẹ̀ lédè wa, kí awakọ̀ tí ó bá gbé ènìyàn sí i fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Bákan náà, bí ẹ̀rọ bá ti kú, kí àtẹ wà nílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bọ abẹ́ rẹ̀. Ní ti àwọn tí yóò fẹ́ kó àpò mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kánjúwà ni baba àrùn.

Ẹ̀yin ọmọ wa lẹ́yìn odi, ẹ má rò pé píìnì mẹ́ta kéré sí ẹ̀bùn. Ẹ̀yin alájòórin wa, ẹ má rò pé ìdánwò jẹ́ àìgbẹ́kẹ̀lé. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Bí ìpàdé yìí bá fọwọ́ sí àbá wa lónìí, iṣẹ́ lè parí kí ìkórè ẹ̀gẹ́ tí ń bọ̀ tó dé, orí àwọn ìyá wa yóò sì sinmi díẹ̀. Kí Ọlọ́run kí ó bá wa fọwọ́ sí i, kí ìlú wa kí ó máa gòkè.