Ojú ni Alákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Òkè Gíga àti Ẹyinjú Ènìyàn



Láti Ọbáfẹ́mi títí dé Ìfọ̀, kò sí òkè ńlá ní agbègbè wa. Àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta pàápàá, ìwọ̀n 137 mítà ni ó fi ga ju ojú òkun lọ. Bí òòyì bá kọ́ ènìyàn níbẹ̀ tàbí lórí ọ̀pẹ, ẹ̀rù ìsàlẹ̀ tí ó ń wò ni. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò dín kù. Ọ̀tọ̀ ni ti Òkè Kamẹrúùnù, tí ó lé ní 4,000 mítà, àti Kilimanjaro, tí ó jẹ́ 5,895 mítà. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa sì ń gun irú òkè bẹ́ẹ̀.

Ní téńté Kilimanjaro, ọ́síjìn tí èémí kan ń kó wọlé kò ju bí ìdajì ti etí òkun lọ. Awọ tí ó ń gba ìmọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìn ẹyinjú kò lè ṣe aláìní ọ́síjìn púpọ̀. Bí kò bá tó, iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ a wú, ẹ̀jẹ̀ sì lè jò. Ẹlòmíràn kò ní mọ̀ rárá. Ojú ẹlòmíràn a ṣú. Ó sábà máa ń san lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti sọ̀ kalẹ̀.

Oòrùn òkè náà le, yìnyín sì ń dá a padà sójú. Ó lè jó awọ iwájú ẹyinjú, kí ojú máa ta ènìyàn bí ẹni pé iyanrìn wọ̀ ọ́. Nítorí náà ni a fi ń lo awò dúdú.

Ní 1996, Beck Weathers, dókítà ará Amẹ́ríkà tí a ti fi abẹ la awọ iwájú ẹyinjú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí ó lè ríran dáadáa, gun Everest. Àìtó ọ́síjìn mú kí ojú rẹ̀ ṣú ní ibi tí ó ga ju 8,000 mítà lọ. Ó dúró de ẹni tí yóò mú un sọ̀ kalẹ̀ títí ìjì fi dé. Ó yè, ṣùgbọ́n òtútù gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Iṣan ojú àti ti ọpọlọ, ọmọ ìyá ni wọ́n. Bí ojú bá ń ṣú lórí òkè, ọpọlọ lè ti wà nínú ewu. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹni bẹ́ẹ̀ má ṣe wo ojú ẹlẹ́gbẹ́, kí ó má sì ka owó tí ó ti ná. Kí ẹnìkan mú un sọ̀ kalẹ̀ kíákíá. Òkè kò ní ṣí kúrò níbẹ̀.