Abẹ́rẹ́ Kòrónà Tí A Gbà: Ṣé Ó Ṣì Wà Lára?

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, bá wa sọ níbi ìpàdé)

Bí ẹ bá gbọ́ ohun tó dára lẹ́nu mi lónìí, ti olùkọ́ tó kọ́ wa ní bàọ́lọ́jì ni. Èyí tí kò bá dára, èmi ni mo sùn ní kíláàsì.

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀rẹ́ wa kan bi mí ní gbangba pé: "Nọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ méjì ni mo gbà ní 2021. Kòrónà tún mú mi ní 2022. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́?" Gbogbo yín lẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò fún un ní èsì gidi. Èsì náà ni mo gbé wá.

Ẹ rántí pé ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 2021 ni abẹ́rẹ́ AstraZeneca kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 4. Bí abẹ́rẹ́ àjẹsára bá wọ ara, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Èkíní, ara á pèsè èròjà tó ń gbógun ti kòkòrò àrùn, yóò pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè nìyẹn. Èkejì, ara á tọ́jú àwọn kan tí wọn kì í gbàgbé ojú ọ̀tá. Ọmọ ogun tó wà nílé nìwọ̀nyí. Bí fèrè bá dún, wọ́n á jáde.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè kì í pẹ́. Láàárín oṣù mélòó kan, wọ́n ti ń dín kù. Imú àti ọ̀fun ni kòrónà ń gbà wọlé, ọjọ́ díẹ̀ ló sì fi ń mú èèyàn, kí àwọn ará ilé tó dìhámọ́ra tán. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń sín, tí ẹ ń wúkọ́. Ṣùgbọ́n kó tó ráyè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, wọ́n sábà máa ń ti dé. Nítorí náà, ààbò lọ́wọ́ àìsàn líle àti ikú ń pẹ́ ju ààbò lọ́wọ́ kíkó àrùn lọ.

Èéyi yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé òun náà kiri, ṣùgbọ́n ó máa ń tó ọjọ́ 10 kó tó fara hàn. Àyè wà fún ara láti múra. Kì í sì í pààrọ̀ aṣọ. Abẹ́rẹ́ méjì tí ọmọdé bá gbà sábà máa ń tó o dọ́jọ́ alẹ́. Kòrónà ní tirẹ̀ ń pààrọ̀ aṣọ, bí a ti rí i pẹ̀lú Omicron ní ìparí 2021. Bẹ́ẹ̀ náà ni influenza. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé ọdọọdún ni wọ́n ń pe àgbàlagbà wá gba tirẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ ti kàn wá nìyí o. Àwa tá a sáré ìje nígbà yẹn, oògùn là ń kà lówùúrọ̀ báyìí. Bí ara bá ti dàgbà, ọmọ ogun inú rẹ̀ kì í tètè jí. Ààbò lọ́wọ́ àìsàn líle náà á máa ṣá, pàápàá lára ẹni tó ti lé ní 65, tàbí tó ní àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn ọkàn. Nítorí náà, ẹ má ṣe wí pé "mo ti gbà á ní 2021, ó parí." Ẹ bi dókítà yín bóyá ó yẹ kẹ́ ẹ tún un gbà. Bí ikọ́ bá sì ń ṣe yín lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìkíni ránṣẹ́. Ẹ má wá dì mọ́ olùkọ́ wa tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún.

Ọ̀rẹ́ mi, wọn ò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. N kò lè búra pé abẹ́rẹ́ nìkan ló gbà ọ́. Ṣùgbọ́n o wúkọ́, o dìde, o sì wà níbí tó ò ń jẹ ìrẹsì. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká tún ríra lọ́dún tó ń bọ̀.