Ẹni Tí A Bá Lábà Ni Bàbá

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ní Prince George's County, lẹ́yìn ìrìn tí àwọn òbí àti ọmọ jọ fi ẹsẹ̀ rìn ní Washington)

  Ẹgbẹ́ ní kí àwa òbí tí a kó àwọn ọmọ lọ sí U Street ní Washington wá jábọ̀. A kò ní pẹ́ púpọ̀, nítorí a mọ̀ pé ìrẹsì ti délẹ̀.

Bí àwọn èèyàn bá rìnrìn àjò lọ sí Berlin, wọ́n a máa wá ẹni tí yóò mú wọn káàkiri ìgboro, tí yóò fi ibi tí ògiri wà tẹ́lẹ̀ hàn wọ́n, àti ibi tí ìbọn ti dún. Olú-ìlú tó múlé gbè wá níhìn-ín náà rí irú wàhálà bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún 1900 sí 2000. Ẹni tó bá fẹ́ rí ojú ibẹ̀, kí ó rìn láti 7th Street dé 14th Street. Kò jìnnà, bíi máìlì kan ni.

Greenbelt ni a ti wọ ọkọ̀ ojú irin. Ìtàn sì ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, nínú County tiwa yìí. Ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ Greenbelt, àwọn ìdílé àkọ́kọ́ sì kó wọ ibẹ̀ ní 1937. Àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú wà lára àwọn tó kọ́ ilé náà, ṣùgbọ́n wọn kò gbà kí aláwọ̀ dúdú kankan gbé inú rẹ̀. Ọmọ kan bi wá pé, "Ṣé àwa náà kò ní lè gbé ibẹ̀ nígbà yẹn?" A ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin náà."

A sọ̀ ní Shaw, a sì rìn dé Howard Theatre, tí wọ́n ṣí ní 1910. Yunifásítì Howard kò jìnnà síbẹ̀, níbi tí Nnamdi Azikiwe ti kàwé kí ó tó di Ààrẹ Nàìjíríà. Àdúgbò yìí ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ sí ní oṣù keje 1919. Ogun àgbáyé kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú sì ti ti ilẹ̀ Faransé dé. Àhesọ kan jáde pé aláwọ̀ dúdú kan fọwọ́ kan obìnrin òyìnbó. Ni àwọn ṣọ́jà àti ọmọ ogun ojú omi tí wọ́n jẹ́ òyìnbó bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bá rí, wọ́n ń wọ́ wọn bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá kò gbà wọ́n, àwọn aráàdúgbò gbé ìbọn, wọ́n dúró de ẹni tó ń bọ̀. Ó di ọjọ́ kẹrin kí Ààrẹ Wilson tó kó nǹkan bí 2,000 ṣọ́jà wọ ìgboro, òjò ńlá sì bá wọn pa iná ìjà náà. Carter Woodson wà nílùú nígbà yẹn, ó fojú ara rẹ̀ rí i. Òun ló dá ọ̀sẹ̀ ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú sílẹ̀ ní 1926, èyí tó di ohun tí àwọn ọmọ wa ń ṣe nílé ìwé ní gbogbo oṣù kejì.

A kọjá àwọn ilé oúnjẹ àwọn ará Ethiopia, a dé 12th Street. Ilé gíga kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní True Reformer, wọ́n parí rẹ̀ ní 1903. John Lankford, aláwọ̀ dúdú, ló ya àwòrán rẹ̀. Ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú tó ń dáwó jọ láti fi tọ́jú aláìsàn àti láti fi sin òkú ló sì ni ín. Ẹ wò ó, ohun tí àwa náà kóra jọ fún nìyẹn. Àwọn tí bàbá àgbà wọn jẹ́ ẹrú ń dá àjọ, wọ́n fi kọ́lé, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ ọ̀nà Amẹ́ríkà.

Ní 14th Street ni ọ̀rọ̀ ti wúwo. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin 1968, ìròyìn dé pé wọ́n ti yìnbọn pa Dókítà Martin Luther King ní Memphis. Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní oríta 14th àti U gan-an. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí wọ́n tìlẹ̀kùn láti fi bọ̀wọ̀ fún òkú. Nígbà tó di òru, fèrèsé ti ń fọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, iná ti gba 14th, 7th àti H Street. Wọ́n kéde kónílé-ó-gbélé, ṣọ́jà tó ju 13,000 wọ ìlú. Èèyàn 13 ló kú, ilé tó lé ní 1,000 ló jóná tàbí tó bàjẹ́, wọ́n sì kó èèyàn tó ju 6,000. Ben's Chili Bowl, tí Ben Ali ọmọ Trinidad àti ìyàwó rẹ̀ ṣí ní 1958, wà lára ìwọ̀nba ilé oúnjẹ tó ṣílẹ̀kùn ní gbogbo ọjọ́ náà. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ wẹ́tìẹ 1965, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó ní oṣù keje 1993 lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé ìbò June 12, ẹ mọ bí ìlú ṣe ń rí bí ìbànújẹ́ bá di iná. Ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ fi ṣófo.

Kí ni èyí kàn wá? Ní 1961, wọ́n kọ̀ láti ta oúnjẹ fún aṣojú ilẹ̀ Chad, Adam Malick Sow, ní Route 40 ní Maryland yìí. Aṣojú orílẹ̀-èdè ni, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n wò. Ìjàkadì àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló mú òfin 1964 wá, tó fi jẹ́ pé a lè jókòó jẹun níbi tó bá wù wá. Ní 1965 tí wọ́n gba òfin ìdìbò, ọdún kan náà ni wọ́n yí òfin ìwọ̀lú padà, tí ọ̀nà fi là fún àwa ọmọ Áfíríkà. Lẹ́yìn 1968, ọ̀pọ̀ ìdílé láti Washington kó wá sí Prince George's. Kò rọrùn fún wọn. Ní oṣù kìíní 1973, àṣẹ ilé ẹjọ́ ni wọ́n fi ń fi bọ́ọ̀sì kó àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé tí kò fẹ́ gbà wọ́n. Nígbà tó fi di 1990, aláwọ̀ dúdú ti ju ìdajì lọ ní County yìí. Ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ṣí ni àwa bá.

Àwọn àgbà ní, ẹni tí a bá lábà ni bàbá. Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ọ̀rọ̀ náà "àkátá" kúrò lẹ́nu wa, pàápàá níwájú àwọn ọmọ. Àwọn kan yóò ní àwọn náà ń fi orúkọ àwọn ọmọ wa ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé. Òótọ́ ni, ó sì ń dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń gbọ́ èébú nílé kò lè rí ọ̀rẹ́ níta. Bí ọlọ́pàá bá sì dá ọkọ̀ ọmọ wa dúró lóru, kò ní béèrè bóyá Ìjẹ̀bú ni tàbí Alabama.

Ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ rìn níbẹ̀. Ẹ pe aládùúgbò yín tó dàgbà, ẹ ní kí ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní 1968 fún wọn. Ẹ sì sọ tiyín fún òun náà. Ọlọ́run yóò wo àwọn ọmọ náà fún wa.