Ẹni Tó Ṣe Ẹ́ńjìnnì Bàálù Àkọ́kọ́
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa)

Ẹ̀yin tí ẹ ti ibi iṣẹ́ òru wá tààrà, tí oorun ṣì wà lójú yín, a kí yín lọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ bàálù ni wọ́n ní ká sọ: bí ọmọ ènìyàn ṣe rí ọgbọ́n fífò, tí ayé fi di ibi tí à ń lọ tí à ń bọ̀ bí ẹni ń ná ọjà Oyíngbò. Ẹlòmíràn lè máa wò ó pé kí ló kan awa nínú rẹ̀, nígbà tí owó tíkẹ́ẹ̀tì ju owó oṣù wa lọ. Ẹ fara balẹ̀, ó kàn wá.

Kí bàálù tó gba òde, ẹni tó bá ń lọ sí ìlú òyìnbó láti Èkó, Àpápá ni yóò ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ Aureol, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, a máa lo nǹkan bí ọjọ́ 13 láàárín Èkó àti Liverpool. Ti àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn gba Chad àti Sudan kọjá, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn díẹ̀, wọ́n wọ ọkọ̀ akẹ́rù díẹ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà kí wọ́n tó rí owó tẹ̀ síwájú. Lónìí, nǹkan bí wákàtí mẹ́fà sí méje ni bàálù fi ń ti Èkó dé London. Ọbẹ̀ tí ìyàwó sè fún èèyàn ní Ìkẹjà kò ní tíì kan tí yóò fi dé ọ̀hún.

Ta ló ṣe é? Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ yóò ní Wilbur àti Orville Wright ni, ọmọ ìyá méjì ní Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni, a ò ní gba ọlá wọn lọ́wọ́ wọn. Àwọn náà kò lọ sí yunifásítì. Ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ní ní ìlú Dayton, èrè kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe ìdánwò wọn. Wọ́n wo bí ẹyẹ ti ń lọ́ ìyẹ́ rẹ̀, títí wọ́n fi mọ bí a ṣe ń darí ohun tó ń fò kó má baà dojú dé. Ṣùgbọ́n ìyẹ́ láìsí ẹ́ńjìnnì, ìṣeré ọmọdé ni. Wọ́n kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì mọ́tò, kò sí èyí tó lè ṣe èyí tó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti kan Charlie Taylor.

Òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà sí ṣọ́ọ̀bù ní 1901 ni Taylor, sẹ́ǹtì 30 ni wákàtí kan. Wọn kò fún un ní àwòrán gidi kankan. Wọ́n á fa ìlà sórí bébà, Taylor á fi bébà náà kọ́ sókè tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó di kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń lu ihò kan, ẹ̀rọ tí ń yí irin kí a lè gbẹ́ ẹ kan, àti irin iṣẹ́ ọwọ́, ohun tó ní kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ mọ kiráńkì ṣáàfù. Odindi irin pẹlẹbẹ ni ó mú, ó ya àwòrán rẹ̀ sí i lára, ó lu ihò tẹ̀lé ihò yí ìlà náà ká, ó fi òòlù àti ṣísẹ́lì gé e jáde, ó wá gbé e sórí ẹ̀rọ, ó ń gbẹ́ ẹ títí ó fi rí bó ṣe yẹ kó rí. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ gé irin rí ló lè mọ̀ bí èjìká á ti ro ó. Alumíníọ́mù tí wọ́n yọ́ dà ni wọ́n fi ṣe ara ẹ́ńjìnnì náà, kó lè fúyẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó parí. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní oṣù Kejì ọdún 1903, ara rẹ̀ fọ́, wọ́n sì ní láti dúró kí wọ́n tún òmíràn dà. Agbára ẹṣin 8 ni wọ́n ń wá. Ẹ́ńjìnnì Taylor mú 12 wá.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún náà, lórí iyanrìn Kitty Hawk létí òkun, Orville fò fún ìṣẹ́jú àáyá 12, ẹsẹ̀ bàtà 120. Bẹ́ẹ̀ ni láti ṣóńṣó ìyẹ́ kan dé èkejì lára Boeing 747 ju ìyẹn lọ! Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti ṣí. Ní 1925, bàálù ti balẹ̀ ní Kano. Ní 1970, 747 bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò tó ju 300 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, owó ọkọ̀ sì wálẹ̀ débi tí ọmọ tálákà pẹ̀lú fi lè wọ̀ ọ́.

Bí ọ̀nà kan ti ń ṣí ni òmíràn ń dí. Ní 1974, Aureol kógbá wọlé, nítorí èrò ti kọjá sínú bàálù. Ibi tí atukọ̀, alásè àti àwọn tó ń ru àpótí èrò gbà lọ, ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kò sọ.

Taylor ńkọ́? Ọ̀dá owó tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1929 gbé gbogbo ohun tó kó jọ lọ. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bàálù kan ní California, sẹ́ǹtì 37 ni wákàtí kan. Ẹ fi wé 30 ti 1901. Orville fi 800 dọ́là lọ́dọọdún sílẹ̀ fún un nínú ìwé ìpíngún rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà ń gbówó lórí, owó náà dúró sójú kan. Ní 1955, yàrá àwọn aláìlówó ní ilé ìwòsàn ni wọ́n ti bá a. Ìgbà náà ni àwọn tó ń fi bàálù pawó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá owó jọ fún un. Ó kú ní 1956, ẹni ọdún 87.

Nílé wa níbí, Nigeria Airways tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1958 kógbá wọlé ní 2003. Ó di 2018 kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí gba díẹ̀ nínú ẹ̀tọ́ wọn, ọ̀pọ̀ sì ti kú.

Ọ̀rọ̀ wa tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń nawọ́ lẹ́yìn látàárọ̀, ẹ dìde, ẹ bi wá.