Ètò Ẹ̀kọ́ Montessori àti Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́ Ilẹ̀ Èkìtì

Ní agbègbè wa yìí, láti Ìyè-Èkìtì dé Ìkọ̀lé, kò ṣọ̀wọ́n mọ́ kí a rí orúkọ náà, Montessori, lára pátákó ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Orúkọ náà kì í ṣe ohun ìní ẹnì kan. Ẹni tí ó bá wù lè kọ ọ́. Ìbéèrè tèmi ni pé: kí ni ọmọ ọdún mẹ́ta ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe nínú ilé náà?

Oníṣègùn ni Maria Montessori, ilẹ̀ Ítálì ni a sì bí i sí ní ọdún 1870. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kìn-ín-ní ọdún 1907, ó ṣí ilé kan fún àwọn ọmọ mẹ̀kúnnù ní San Lorenzo, ní ìlú Róòmù. Àwọn tí ó ni ilé ni ó kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Bí àwọn òbí bá lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ a máa ba ògiri àti àtẹ̀gùn jẹ́, ni wọ́n bá wá ẹni tí yóò kó wọn jọ sójú kan. Jẹ́lé-ó-sinmi gan-an nìyẹn! Ṣùgbọ́n obìnrin yìí kò fẹ́ kí ilé sinmi nìkan. Ó fún àwọn ọmọ ní àga tí ó ṣe déédé wọn, ó fún wọn ní ohun tí wọn yóò fi ọwọ́ ṣe, ó sì ń wò wọ́n. Ní ọjọ́ kan ó rí ọmọdébìnrin kan, bí ọmọ ọdún mẹ́ta, tí ó ń ki àwọn igi róbótó bọ inú ihò tí ó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu. Ó ń yọ wọ́n, ó tún ń kì wọ́n padà, ju ìgbà ogójì lọ. Wọ́n gbé e tàga-tàga, àwọn ọmọ yòókù ń kọrin, kò tilẹ̀ wòkè.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí agboolé wa. Igbá tí a ń tò sínú ara wọn lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Bí ọmọ bá fẹ́ ki èyí tí ó tóbi bọ inú kékeré, kò ní wọlé. Igbá fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún un pé ó ṣì í, láìsí ariwo olùkọ́. Ìgbálẹ̀ kékeré, omi tí a ń dà láti inú ife kan sí òmíràn, aṣọ tí a ń ká, ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí a ń ṣà sọ́tọ̀, ẹ̀kọ́ ni gbogbo wọn. (Ẹ má fún ọmọ kékeré ní ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà ṣà, imú ni yóò tì í bọ̀.)

N kò sọ pé ilé wa ti tó o. Bí omi bá dà sílẹ̀, kíá ni a ń já ife gbà lọ́wọ́ ọmọ, a ní ó ń ṣe ìjàngbọ̀n. Àyè láti tún un ṣe, àti àgbàlagbà tí ó lè mú sùúrù, ni Montessori fi kún un. Ó ṣòro fún àwa tí a fi ẹgba kọ́ níwèé.

Ọ̀rọ̀ èdè ni ó dùn mí jù. A ń mú ọmọ tí kò tí ì gbọ́ èdè ilé tán jókòó, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ké orúkọ èso tí kò fojú kàn rí. Bẹ́ẹ̀ Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1977 sọ pé èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ni kí a fi kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní ọdún 1970 sì fi hàn pé àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò kẹ́yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Montessori gé lẹ́tà láti ara sáńpépà. Ọmọ a fi ìka tọ ojú rẹ̀, a sì pe ìró rẹ̀, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Lẹ́tà 25 tí Yorùbá ní bá èyí mu ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìró kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Bí ọmọ wa bá sì pe iṣu ní "usu", tí ó pe ilé ní "ulé", kò ṣìnà. Èdè ìyá rẹ̀ ni. Kí olùkọ́ fi "iṣu" tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó má fi ọmọ ṣe ẹlẹ́yà.

Olóòtú, mo mọ̀ pé wọn yóò bi mí léèrè owó. Mo gbà pé olùkọ́ kan kò lè dá ogójì ọmọ wò báyìí. Ṣùgbọ́n igbá mẹ́fà àti ìgbálẹ̀ kékeré mẹ́rin kò wọ́n, a sì lè mú ọmọ mẹ́fà mẹ́fà. Níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò wa.