ARIWO ÀTI ETÍ ỌMỌ ÈNÌYÀN

Ẹ̀yin àgbà ìlú, ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ògèrè, ọ̀rọ̀ tí a mú wá fún yín ní ìrọ̀lẹ́ òní kò jìnnà sí wa, nítorí ohùn rẹ̀ ń ti ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn bá wa níhìn-ín. Láti ọdún 1978 tí a ti ṣí ọ̀nà náà ni ọkọ̀ kò ti sinmi lórí rẹ̀, àwọn onítírélà sì ti sọ ẹ̀bá ìlú wa di ibùsùn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí a ti dá etí. Lẹ́yìn awọ fẹ́lẹ́ tí ó dà bí ojú ìlù, àti eegun wẹ́wẹ́ mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e, ihò kan wà nínú lọ́hùn-ún tí ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Omi ni ó kún inú rẹ̀, nǹkan bí 16,000 sẹ́ẹ̀lì onírun tín-ín-rín ni ó sì wà níbẹ̀. Bí ohùn bá wọlé, omi a mì, irun wọ̀nyí a tẹ̀ bí koríko nínú afẹ́fẹ́, ọpọlọ a sì gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ariwo bá pọ̀ jù, tí ó sì pẹ́ jù, wọn a tẹ̀ títí wọn kì yóò fi lè dìde mọ́. Irun orí tí a fá a tún hù. Ìwọ̀nyí kì í hù mọ́.

Ọ̀ràn náà ti pẹ́. Ní ọdún 1700, Bernardino Ramazzini, oníṣègùn ará Ítálì, kọ̀wé nípa àwọn alágbẹ̀dẹ bàbà ní Venice, tí òòlù wọn sọ wọ́n di adití.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìwọ̀n lélẹ̀ pé ariwo tí ó tó 80 dẹ́síbẹ́lì kò gbọdọ̀ ju wákàtí 40 lọ ní ọ̀sẹ̀ kan; bí ó bá sì di 90, wákàtí 4 péré ni. Ǹjẹ́ kí ni kí a wí nípa obìnrin tí ó ń dúró ti ẹ̀rọ ata láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí ó sì pọn ọmọ sẹ́yìn?

Kì í sì í ṣe onítírélà àti ọlọ́ta nìkan. Ní ọdún 2016 ìjọba Èkó ti ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn 70 ti àwa Kristẹni, àti mọ́ṣáláṣí 20, nítorí ariwo. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá.

Ohùn tín-ín-rín ni ó kọ́kọ́ ń lọ. Ẹni náà ń gbọ́ pé a ń sọ̀rọ̀, kò mọ ohun tí a wí. A sì máa rò pé ìyàwó òun ń kùn sí òun! Òwú tí àwọn kan ń kì bọ etí kò tó. Ìdítí rọ́bà, tàbí èyí tí ó bo gbogbo etí, ni ó ṣe é lò. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ojú fèrèsé. Ẹni tí etí rẹ̀ bá sì ń hó lẹ́yìn ọjọ́ kan, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ṣágámù, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.